Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Wa Wà Lára Bọ́ọ̀lù: Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Àwọn Ọ̀gá Ẹ̀ka Eré Ìdárayá Lórí Tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní Fox, NBC, CBS, ESPN, TNT àti Apple,

Ẹ kú iṣẹ́. Ọpẹ́ ló kọ́kọ́ yẹ yín. Ẹni tó ń gbé ní Houston tàbí Chicago lónìí lè wo gbogbo eré 380 tí wọ́n ń gbá nínú Premier League lọ́dún kan, bẹ́ẹ̀ ará London fúnra rẹ̀ kò lè rí gbogbo rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀, nítorí pé ní England wọn kì í gbé eré aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé jáde nígbà tó ń lọ lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe iye eré là ń bá yín sọ. Bí ẹ ṣe ń fi eré náà hàn wá ló ń dùn wá.

Ibi tí wàhálà ti ń wá kò ṣòro láti rí. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, bésíbọ́ọ̀lù àti básíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ eré tó ń dúró. Nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá ti dá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lulẹ̀, aago ìṣẹ́jú àáyá 40 á bẹ̀rẹ̀ sí í kà kí wọ́n tó tún gbá òmíràn. Àyè wà níbẹ̀ fún ojú akọ́nimọ̀ọ́gbá, ojú èrò ìwòran àti àtúnfihàn méjì. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 ni, ìsinmi ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú 45 mìíràn. Tí bọ́ọ̀lù bá jáde, ọmọ tó ń kó bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá á ju òmíràn sí agbábọ́ọ̀lù, wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó ka ení dé ẹẹ́wàá. Ọgbọ́n tí ẹ kọ́ lára eré tó ń dúró lẹ ń lò fún eré tí kì í dúró. Ibẹ̀ ni góòlù ti ń bọ́ mọ́ wa lójú.

Ẹ jẹ́ ká ṣòdodo lórí ẹni tí ẹ̀bi jẹ́ tirẹ̀. Láti 2002 ni HBS, ilé iṣẹ́ kan ní Switzerland, ti ń ya àwòrán Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún FIFA. Àwòrán kan náà ló ń lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwòrán Premier League, láti England ló ti ń wá. Tí àtúnfihàn bá bo eré mọ́lẹ̀ ní Anfield, pápá Liverpool, ẹni tó jókòó sí Amẹ́ríkà kọ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n eré MLS tó jẹ́ líìgì àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà, eré líìgì àwọn obìnrin NWSL, eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ikọ̀ Amẹ́ríkà àti ti àwọn yunifásítì, nílé níbí ni wọ́n ti ń ya wọ́n. Àti pé níbikíbi tí eré bá ti ń wáyé, ẹ̀yin lẹ ni ìpolówó, ẹ̀yin lẹ yan kọ́mẹ́ńtétọ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń pinnu ìgbà tí a ó dé ibi eré àti ìgbà tí a ó kúrò níbẹ̀.

Ìpolówó ló ń bí àwọn èèyàn nínú jù, ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1990, nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wà ní Italy, TNT ló ń gbé e jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń gé eré láàrin láti polówó ọjà bí bọ́ọ̀lù ti ń lọ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, Amẹ́ríkà gba ìdíje náà lálejò, ABC àti ESPN sì gbé e jáde láìgé eré rárá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi àmì onígbọ̀wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago àti iye góòlù, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ bí eré ti ń lọ. Onígbọ̀wọ́ rí ojú èèyàn fún ìṣẹ́jú 45 gbáko, olùwòran kò sì pàdánù nǹkan kan. Ọ̀nà tó dára ni. Ọ̀nà yẹn ló sọ bọ́ọ̀lù di ohun tó ṣeé wò lórí tẹlifíṣọ̀n yín, ó sì yẹ kí ẹ máa dáàbò bò ó.

Ohun tó ń yọjú báyìí ni àwòrán pínpín. Gólì kípà á ṣubú, tàbí VAR, ìyẹn àwọn rẹfirí tó ń wo fídíò, á pe rẹfirí pápá, ni àwòrán eré á bá sún kì sí igun kan, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru á gba ìyókù, tí ohùn ìpolówó á sì bo ohùn pápá mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń tà á fún yín á sọ pé ẹnikẹ́ni kò pàdánù eré. Irọ́ ni. Fríkìkì kò nílò fèrè kí wọ́n tó gbá a, àyàfi tí rẹfirí bá ti ní kí wọ́n dúró. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n á gbá a kíákíá, nítorí ìgbà tí gbogbo èèyàn rò pé eré dúró gan-an ló dára jù láti gbá a. Ìpolówó ní tirẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 15 tàbí 30 ni wọ́n ń tà á, odindi ni oníbàárà sì sanwó fún, kò sí ẹni tó fẹ́ dá a dúró ní ìdajì.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tún burú sí i. Níbẹ̀, ènìyàn kọ́ ló ń fi ìpolówó sí i fún olùwòran kọ̀ọ̀kan, sáfà ni, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín àwòrán fún áàpù. Àmì kan tí wọ́n ń pè ní SCTE-35 ló ń bá àwòrán rìn, tó ń sọ fún sáfà pé kó bẹ̀rẹ̀ ìpolówó níbí àti iye àkókò tó máa gbà. Ká ní ẹ kọ ìṣẹ́jú àáyá 120 sínú àmì náà, tí eré sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 95. Ẹni tó ń lo okùn kébù á padà sórí pápá lójú ẹsẹ̀ tí òṣìṣẹ́ yín bá tẹ bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n áàpù tí wọn kò kọ́ láti tẹ̀ lé àmì ìpadà á parí 120 tirẹ̀ kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè máa wo eré kan náà lórí ilé iṣẹ́ kan náà, kí ọ̀kan rí góòlù, kí èkejì sì máa wo ìpolówó pízà. Ẹ sọ fún àwọn ẹnjiníà yín kí wọ́n dán an wò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n fi àmì ìpadà ránṣẹ́ kí àkókò tó pé, lórí fóònù, lórí ẹ̀rọ Roku, lórí tẹlifíṣọ̀n tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì wo èyí tó padà àti èyí tí kò padà. Èyí tí kò bá padà, ẹ má fi ìpolówó sí i láàrin eré.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi omi mímu ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, FIFA kéde pé nínú gbogbo eré Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, rẹfirí yóò dá eré dúró ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 nínú ìlàjì kọ̀ọ̀kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, oòrùn ìbáà mú, kó má mú. Òfin bọ́ọ̀lù keje ti fàyè gba irú èyí tẹ́lẹ̀: ìsinmi omi kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìsinmi ìtura ooru sì wà láàrin ìṣẹ́jú àáyá 90 sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nítorí náà, èyí tó gùn jù nínú ohun tí òfin gbà ni FIFA mú, ó sì mú un fún gbogbo eré, títí kan èyí tó wà lábẹ́ òrùlé Atlanta, Arlington àti Houston níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Eré 104 ni ìdíje náà ní, ìyẹn ìsinmi 208. A mọ̀ pé ojú yín ti wà lára rẹ̀.

A kò lòdì sí kí ẹni tó ń sáré nínú ooru oṣù Kẹfà mu omi. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn kì í ṣe àyè òfìfo. Ibẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń yí bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tò padà láìdúró de ìsinmi ìlàjì. Ó lè fa ẹni tó ń ṣọ́ apá òsì wọ àárín, ó lè ní kí àwọn tó ń fúngun mọ́ ọ̀tá sún sẹ́yìn. Tí ẹ bá gbé wa lọ síbi ìpolówó lójú ẹsẹ̀ tí rẹfirí fọn fèrè, tí ẹ sì dá wa padà nígbà tí bọ́ọ̀lù ti ń yí, a ó rí ẹgbẹ́ tó yàtọ̀, a kò sì ní mọ ohun tó yí i padà. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ polówó, ẹ dúró díẹ̀ kí a rí bí wọ́n ṣe kóra jọ, kí ẹ sì padà ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 30 kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí kọ́mẹ́ńtétọ̀ fi kámẹ́rà òkè hàn wá bí ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe tò báyìí. Jọ̀wọ́, ẹ má lọ bẹ àwọn líìgì pé kí wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo ọ̀sẹ̀, pàápàá líìgì tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú òtútù.

Ó kan kámẹ́rà, níbi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù.

Pápá tó péye jẹ́ mítà 105 ní gígùn àti 68 ní fífẹ̀. Kámẹ́rà kìn-ín-ní, èyí tó wà lókè lójú ìlà àárín pápá, ló ń fi ibi tí bọ́ọ̀lù wà hàn pẹ̀lú àwọn tó yí i ká: ẹni tó ń sá wọ àyè, ẹ̀yìn mẹ́rin tó tò gbọọrọ, ẹni tó dá wà ní apá kejì tó ń nawọ́ sókè. Bọ́ọ̀lù jẹ́ eré àyè. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí olùdarí àwòrán bá gé láti kámẹ́rà kìn-ín-ní lọ sí kámẹ́rà ilẹ̀ tó sún mọ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, a ó rí òógùn lójú rẹ̀ àti irun rẹ̀, a kò ní rí ẹni tó fẹ́ gbá a sí. Bọ́ọ̀lù á kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kámẹ́rà á tún gé padà sókè, ojú wa á wá a kiri, nígbà tí a bá fi rí i, ó ti wà nínú àwọ̀n tàbí lọ́wọ́ gólì kípà. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ jù nígbà ìkọlù àsáré, ìyẹn ìgbà tí olùdarí náà rò pé òun ń mú kí eré dùn.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le: tí bọ́ọ̀lù bá wà nínú eré, ẹ dúró sí kámẹ́rà kìn-ín-ní. Kí ẹni tó ń dì í mú má ṣe fà á sún mọ́ jù. Ó yẹ kí a máa rí ó kéré tán ẹni mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà tó wà lójú ìlà mítà 16.5 ní apá ọ̀tún àti apá òsì wà fún ọ́fúsáìdì, ẹ lò ó nígbà àtúnfihàn. Tí kọ́nà bá fẹ́ wáyé, ẹ lè lọ wo ojú ẹni tó fẹ́ gbá a, àmọ́ kí ẹ ti padà kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ má fi kámẹ́rà ẹ̀yìn góòlù gba kọ́nà láàyè, nítorí láti ibẹ̀ a kò lè mọ ẹni tó sá wá láti ìta bọ́kísì. Pẹ́náritì náà, láti òkè ni, kí a lè rí àwọn tó bá tètè wọ inú bọ́kísì.

Àtúnfihàn ní ètò tirẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe ẹnì kan ní àárín pápá, tí rẹfirí kò sì mú káàdì jáde, kò sí ìdí fún àtúnfihàn rárá; wọ́n á ti gbá a. Tí bọ́ọ̀lù bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, àyè wà fún ẹyọ kan, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ, nítorí gólì kípà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá góòlù kì í fi àkókò ṣòfò. Ẹ rántí pé àmì líìgì tó máa ń fò kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n kí àtúnfihàn tó bẹ̀rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń jẹ òmíràn nígbà ìpadà. Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àtúnfihàn ń lọ, ẹ gé e lójú ibẹ̀, ẹ má dúró de àmì kankan, kódà bí ẹsẹ̀ kò tíì kan bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Àyè á tún wà láti fi hàn.

Ìgbà góòlù nìkan ni àkókò pọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí a rí ìdùnnú náà nígbà tó gbóná, láìgé e, títí kan ẹni tó sáré wá láti bẹ́ǹṣì àti gólì kípà tó jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi góòlù hàn láti igun méjì tàbí mẹ́ta. Igun àkọ́kọ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìkọlù ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ibi tí ẹni tó gbá a wọlé ti gbà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà la máa ń rí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù láti igun márùn-ún, tí a kò sì rí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀tá ní àárín pápá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló dá góòlù náà sílẹ̀. Kí a sì ti padà sí òkè kí wọ́n tó tún bọ́ọ̀lù gbá láti àárín.

Ojú àwọn gbajúmọ̀ nínú ìwòran, ẹ̀ẹ̀kan ti tó, kó sì jẹ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kú.

Ìlà ọ̀rọ̀ tó ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ àwòrán ń bo ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá tó sún mọ́ kámẹ́rà, níbi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù wọlé, tí agbábọ́ọ̀lù apá ẹ̀gbẹ́ sì ti ń ṣeré. Ó tún ń sọ èsì eré mìíràn fún ẹni tó gbà á sílẹ̀ láti wò ó lálẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nígbà eré. Aago àti iye góòlù, lókè lápá òsì, ti tó. Kí àfikún ìṣẹ́jú náà máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago títí fèrè á fi dún, nítorí títí di òpin 1999 ni MLS fi ń ka aago láti 45 sí òfo, àwọn olùwòran àgbà kan ṣì wà tí wọ́n gbà pé tí aago bá ti pé, eré ti tán.

Lórí ọ̀rọ̀ kọ́mẹ́ńtétọ̀, ìtàn tiyín fúnra yín ni ẹ̀rí. Ní 2006, ESPN àti ABC gbé kọ́mẹ́ńtétọ̀ bésíbọ́ọ̀lù síwájú fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Àwọn èèyàn bínú gan-an. Ní 2010, wọ́n mú Martin Tyler àti Ian Darke wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Darke ló sì wà níbẹ̀ ní Pretoria ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, nígbà tí Landon Donovan, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, gbá góòlù sáwọ̀n Algeria ní àfikún ìṣẹ́jú. Ẹni tó gbọ́ ọ kò lè gbàgbé. Kì í ṣe ohùn ará England ló mú un dára, nítorí ará Amẹ́ríkà tó mọ bọ́ọ̀lù pọ̀ nísinsìnyí. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó pariwo, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Ìdákẹ́ yìí ló ṣọ̀wọ́n jù. Bésíbọ́ọ̀lù ní àyè fún ìtàn, nítorí náà kọ́mẹ́ńtétọ̀ rẹ̀ ní láti máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé ìwà náà wá síbi bọ́ọ̀lù á máa ka ìṣirò nígbà tí ìkọlù ń bọ̀, á máa sọ ilé ẹ̀kọ́ tí agbábọ́ọ̀lù lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá kọ́nà, tí ẹni mẹ́ta bá sì wà nínú yàrá náà, olúkúlùkù ń wá àyè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ méjì. Ẹ gbé ohùn pápá sókè díẹ̀, kí a gbọ́ orin, kí a gbọ́ bàtà lára bọ́ọ̀lù. Àlàyé ọ́fúsáìdì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù, kó wà nínú ètò ìṣáájú eré. Ohun kan wà tí ẹ ṣe dáadáa ju àwọn ará Yúróòpù lọ níbí, ìyẹn àwọn tó mọ òfin eré tí ẹ fi sí ètò, irú bíi Joe Machnik tó ti ṣe é ní Fox àti Christina Unkel ní CBS. Nígbà tí VAR bá ń wo nǹkan, àwọn ló ń sọ ohun tí rẹfirí ń wá gan-an àti ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀. Ẹ fi kún un.

Kọ́mẹ́ńtétọ̀ tó jókòó sí ibòmíràn jẹ́ ìṣòro gidi. Ní 2018, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́mẹ́ńtétọ̀ Fox kò sí ní Rọ́ṣíà, Los Angeles ni wọ́n ti ń sọ eré. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò lè rí ju ohun tí kámẹ́rà bá fi hàn án. Kò rí àsíá olùrànlọ́wọ́ rẹfirí kí ó tó hàn lórí àwòrán, kò rí ẹni tó ń gbóná ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, kò sì rí ẹni tó ṣubú níbi tí bọ́ọ̀lù kò sí. A mọ̀ pé ọkọ̀ òfúrufú àti hòtẹ́ẹ̀lì ń náni lówó. Tí ẹ kò bá lè rán wọn lọ, ẹ fún wọn ní ojú àwòrán kejì tó ń fi gbogbo pápá hàn láti òkè láìdúró, kí ẹ sì fi ẹnì kan sí pápá ìṣeré náà tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ létí lórí ìpààrọ̀ àti ìpalára.

Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Fọlárìn Balógun tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Amẹ́ríkà, Bùkáyọ̀ Sàká, Adémọ́lá Lookman tó fi góòlù mẹ́ta gba ife Europa League fún Atalanta ní Dublin ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọmọ wa ni wọ́n, ó sì ń dùn wá tí wọ́n bá ń fi ẹnu já orúkọ wọn jálajàla. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ yìí. Kí ẹnì kan lọ bá agbábọ́ọ̀lù ní ọjọ́ tó ṣáájú eré, kó ní kó pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sínú fóònù, kí kọ́mẹ́ńtétọ̀ sì gbọ́ ọ títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà ń dun àwọn èèyàn. Ẹ ń fi wákàtí méjì gédégédé sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn eré mìíràn tí kò ní aago. Bésíbọ́ọ̀lù á fà, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀lù á wá dé nígbà tí góòlù kan ti wọlé. Tàbí kí eré lọ sí àfikún àkókò àti pẹ́náritì, kí wọ́n sì lé wa lọ sí ìkànnì mìíràn tí olùwòran kan kò sanwó fún. Ẹ̀yin fúnra yín mọ bí èyí ṣe ń rí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1968, NBC kúrò lórí eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà láàrin Jets àti Raiders nígbà tó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, Jets ń borí pẹ̀lú 32 sí 29, wọ́n sì lọ gbé fíìmù ọmọdé kan jáde. Raiders gbá méjì wọlé kí eré tó tán, ó di 43 sí 32, fóònù NBC sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sọ ọ́ di òfin pé kí wọ́n máa gbé eré NFL jáde dé òpin. Òfin kan náà là ń béèrè: eré tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì kan, ibẹ̀ ni kó parí sí, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú 30 kún àyè eré tó bá lè dé pẹ́náritì.

Àwọn ẹnjiníà ní ọ̀rọ̀ méjì láti gbọ́. Eré láti Yúróòpù ń wá pẹ̀lú àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 59.94. Ẹ̀rọ tó ń yí i padà gbọ́dọ̀ dá àwọn àwòrán tí kò sí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá gígùn á máa fò tìkù-tìkù lójú, ìlà pápá á sì máa gbọ̀n nígbà tí kámẹ́rà bá ń yí. Ẹ fi bọ́ọ̀lù gígùn dán ẹ̀rọ náà wò, ẹ má fi ojú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní sítúdíò dán an wò. Èkejì ni pé áàpù ń fi ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, tí áàpù kan náà á sì fi ìròyìn góòlù ránṣẹ́ sí fóònù wa kí góòlù tó hàn lójú wa. Kí áàpù mọ̀ pé à ń wo eré náà lọ́wọ́, kó sì dákẹ́.

Ní ti owó, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ẹ mọ̀ ọ́n. Premier League ń bẹ lórí NBC, USA Network àti Peacock. Champions League lórí Paramount+. La Liga lọ́dọ̀ ESPN. MLS lórí Apple. Ikọ̀ Amẹ́ríkà lórí TNT. Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lórí beIN. Ìdílé Nàìjíríà tó fẹ́ tẹ̀ lé àwọn ọmọ wa níbi gbogbo ní láti san gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ líìgì ló ń ta ẹ̀tọ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni èyí wà: kí ètò ọ̀sẹ̀ jáde ní Mọ́ńdè, kó sọ eré tó wà lórí ìkànnì àti èyí tó jẹ́ pé orí áàpù nìkan ló wà, kí a má wá a títí eré á fi bẹ̀rẹ̀. Àti pé fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tó fẹ́ wo odindi eré lẹ́yìn náà, ẹ má kọ èsì sí àkọlé, ẹ má fi àwòrán ẹni tó gbé ife sójú fídíò, ẹ sì fi gígùn fídíò pamọ́. Ẹni tó bá rí wákàtí mẹ́ta ti mọ̀ pé wọ́n dé pẹ́náritì.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ là ń sọ, ẹ mú eré kan tí ẹ̀yin fúnra yín yà ní sáà tó kọjá, ẹ fún ẹnì kan ní bébà àti bírò. Kó kọ gbogbo ìgbà tí eré tún bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀: jíju bọ́ọ̀lù wọlé, fríkìkì, kọ́nà, gólìkíìkì, bọ́ọ̀lù àárín. Kó fi àmì sí èyí tí a kò rí, kó sì kọ ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àtúnfihàn, ojú ẹnì kan, tàbí ìpolówó. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà náà lọ bá olùdarí àwòrán yín kí ó tó ṣe eré tó kàn, kí ẹ sì tún un kà lẹ́yìn rẹ̀. Òfo ni iye tí a fẹ́ rí níbẹ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwa ọmọ Yorùbá tí à ń wo bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà